Orin Tá A Fi Táwẹ̀lì Tútù Lù Jáde

Má bínú tí mo bá gbàgbé ibì kan, ọmọ mi, orí mi ò gbé nǹkan dúró bíi tàtijọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ṣì kéré ní Òṣogbo, ìyẹn ò lọ. Àwọn ìyá ilé wa máa ń fi igi lu aṣọ aró kó lè dán. Ìyá mi á dá orin, àwọn yòókù á gbè é, àwa ọmọdé náà á gbè é. Mi ò lọ ilé ìwé kankan. Ibẹ̀ ni ilé ìwé mi.

Nígbà tí mo wá dé Maryland lókè òkun, kí ọdún tú táósáńdì tó wọlé, mò ń nu ilẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Riverdale. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀, ará Scotland. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣe orin, kó sì máa kọ orin àtijọ́ àwọn èèyàn ẹ̀ sínú ìwé kó má bàa parun. Ó ti kọ ọ̀pọ̀. Ó ku ẹyọ kan, orin ìyá ẹ̀, èyí táwọn obìnrin ń kọ tí wọ́n bá ń lu aṣọ onírun àgùntàn tó tutù mọ́ pákó kó lè ki. Ó rántí ègbè, ṣùgbọ́n ìlà tó kẹ́yìn ti bọ́ lórí ẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé wọn ti kú. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó ti bébà tó ń kọ ọ́ sí, tí omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, o mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti ṣì í: orin iṣẹ́ kì í wá bá ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Mo ki táwẹ̀lì ńlá bọ omi, mo gbé e sórí tábìlì, mo ní kó kọ́ mi ní ègbè. Ègbè náà ò nítumọ̀ kankan, òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó ń dá a, mò ń gbè é, omi ń ta sí wa lójú.

Nọ́ọ̀sì ará Ìbàdàn kan já wọlé. "Háà, Bàbá! Ilẹ̀ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ńkọ́?"

"Màá tún un nù. Ìwọ náà, wá gbè é!"

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbè é.

Nígbà tá a lù ú dé ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìlà yẹn já bọ́ lẹ́nu bàbá òyìnbó. Ó ní kí n mú bíírò wá. Ó kọ ọ́ tán. Nísàlẹ̀, ó kọ orúkọ mi síbẹ̀, ó ní ẹni tó gbe orin náà ló gbà á là. Èmi tí mi ò lè ka orúkọ ara mi! Nọ́ọ̀sì ló kà á fún mi. Tí mo bá rántí, orí mi máa ń wú.

Ayé ti yí. Ẹ̀yin ń fi fóònù gba orin sílẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n ti ìyá tèmi ò sí nínú ìwé kankan. Kọ ọ́ síbí: "Aró mi ò ní ṣí, lù ú kó dán, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á gbó." Ègbè ẹ̀ ni, "Lù ú, lù ú." O ti kọ ọ́? Ó yá, kà á sókè kí n gbọ́.