Mummy Àbẹ̀kẹ́, Tí Wọ́n Mọ Búrẹ́dì Rẹ̀ ní Fẹ́ẹ̀sì

Yéè! Mummy mi, Àbẹ̀kẹ́, ẹ lọ kí n tó mú ìlérí mi ṣẹ! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹni tó mú ìwé ìsìnkú yìí lọ́wọ́: inú ń bí mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì rí gbogbo wa kedere.

Èmi Bùnmi, àkọ́bí yín, ni mò ń kọ̀wé yìí. Nọ́ọ̀sì àtàtà ni yín, ìyá tí kì í jẹun kó gbàgbé aládùúgbò. Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi tọ́jú aláìsàn ní Woolwich, nílẹ̀ Òyìnbó yìí. Ẹ ń gbé ẹni tó tóbi jù yín lọ dìde lórí ibùsùn títí orúnkún yín fi kọṣẹ́. Àwọn aláìsàn kan á wo pélé mẹ́ta tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, wọ́n á bi yín bóyá mọ́tò ló gbá yín. Ẹ á rẹ́rìn-ín, ẹ á sì bá wọn tún ìrọ̀rí wọn ṣe. Èmi ò bá yín rẹ́rìn-ín rí.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ bá ọ̀rẹ́ yín kan lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Fẹ́ẹ̀sì, ìlú àtijọ́ kan ní Mòrókò. Oòrùn ibẹ̀ bá orúnkún yín lára mu, ni ọ̀sẹ̀ kan bá di ọdún méje. Ẹ gba ilé kékeré kan nínú odi ìlú náà, ní ojú ọ̀nà tóóró tí mọ́tò kò lè wọ̀, tó jẹ́ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru ẹrù kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín. Ibi tí orí dá ni sí là ń gbé.

Àmọ́ ẹnu ò sinmi ní Thamesmead, àdúgbò wa níbí! Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní orí yín ti dàrú, wọ́n ń gbààwẹ̀ nítorí yín. Wọ́n rí yín nínú fídíò pẹ̀lú ìborí, wọ́n ní wọ́n ti sọ yín di Mùsùlùmí. Ìborí wo? Sikáàfù tí ẹ ti ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni! Àràárọ̀ lẹ ń ka Sáàmù yín níbẹ̀. Fàtímọ̀, aládùúgbò yín, á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ ó fi ṣe àmín kó tó kan ilẹ̀kùn. Nínú àwọn tó gbààwẹ̀ nítorí yín, ta ló dúró de yín bẹ́ẹ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ilé ni kálukú ti ń po ìyẹ̀fun. Wọ́n á wá fi pátákó gbé e lọ sí ààrò àdúgbò, kí wọ́n bá wọn yan án. Bàbá Ìdírísù ló ń ṣọ́ ààrò ti àdúgbò yín. Búrẹ́dì gbogbo ilé ló ń wà pọ̀ nínú iná, nítorí náà kálukú ní àmì tirẹ̀. Ẹ̀yin kọ búrẹ́dì yín nílà: ẹ fi ọ̀bẹ fa pélé mẹ́ta sí i lórí. Lọ́jọ́ tí bàbá náà kọ́kọ́ rí i, ó wo búrẹ́dì, ó wo ojú yín, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kò bi yín bóyá mọ́tò gbá yín. Láti ọjọ́ náà, bí aago mẹ́wàá bá lù tí kò rí pátákó yín, á ní kí wọ́n lọ wò yín. Ẹ máa ń wí fún mi pé, "Bùnmi, ẹni tó bá mọ̀ pé o ò tíì jẹun ni ẹbí rẹ."

Bàbá yìí náà ló rán èèyàn lọ sílé yín lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Àwọn ará àdúgbò ló gbé yín dé ọsibítù.

Ìbàdí yín ló kán. Lọ́jọ́ kejì, ìpàdé ẹbí bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Uncle Dépò, àbúrò yín, ló pariwo jù: "Bùnmi, go and bring your mother! Ṣé àárín strangers ló máa kú sí ni?" Mo gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Mo lọ, mo di ẹrù yín nígbà tí ẹ ń sunkún, mo gbé yín wá sí fúláàtì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birchmere Park.

Níbo wá ni àwọn àjèjì wà? Àwọn ọmọ tó ń wá wẹ̀ yín, ọmọ Yorùbá tó fi fisà iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn wọ̀lú, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún wọn. "Mummy, ẹ má bínú, mo ti late fún client mi." Mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ní kí n gbé Mummy wá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ tẹ aago ilẹ̀kùn wa? Uncle Dépò wá lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò bọ́ kóòtù.

Èmi náà ńkọ́, Mummy? Ẹ ní, "Bùnmi, gbé mi lọ sílé." Mo ní, "Ilé náà lẹ wà." Ẹ ní, "Ibi tí wọ́n ti mọ búrẹ́dì mi ni mò ń wí." Mo ṣèlérí pé bí ẹ bá ti lè rìn dé etí omi páàkì, n ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ di ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn mú, ẹ ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, títí ẹ fi dé etí omi. Ẹ yíjú sí mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí òtútù lọ ná." Òtútù wo? Ṣebí ibi tí à ń lọ ni oòrùn wà! Ẹnu èèyàn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ dárí jì mí.

Òtútù ò tíì lọ tí ẹ fi lọ, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọmọ tó ń tọ́jú yín ló bá yín lórí àga, ẹ kọjú sí fèrèsé. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ níbí lónìí pé ẹ kú láàárín àwọn èèyàn yín. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ!

Mo pe Fàtímọ̀. Ó sunkún títí. Ó ní pátákó yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Bàbá Ìdírísù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un, ó ní ẹni tó ni ín kò sọ pé òun ò ní padà wá. Fàtímọ̀ ò tíì lè sọ fún un.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, Mummy, ẹyọ kan ṣoṣo. N ó po ìyẹ̀fun nílé Fàtímọ̀, n ó fa pélé mẹ́ta sí i, n ó sì gbé e lọ sí ààrò. Èmi tí mo gbé yín kúrò níbẹ̀, èmi náà ni yóò sọ fún bàbá yẹn lójúkojú pé ẹ ò ní padà wá mọ́.

Àbẹ̀kẹ́, abiyamọ tòótọ́, orúnkún ò ní dùn yín mọ́. Ẹ sùn re o, Mummy mi, ẹ sùn re níbi tí wọ́n ti mọ̀ yín.