Gọ́tà Tí Mo Fà Gba Ẹ̀yìn Ilé Mọ́mì

Ọjọ́ tí àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè dé ọ́fíìsì wa ní káńsù, mi ò lè jókòó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹsẹ̀ rin Kétu kiri, tí mò ń fi bírò ya ojú títì, tí oòrùn ń pa mí. Àfi bí mo ṣe rí gbogbo Ìkòsì lórí kọ̀ǹpútà, òrùlé lẹ́yìn òrùlé, títí kan táńkì omi! Mo rí ilé tí mò ń gbé, mo ní kí gbogbo wọn wá wò ó. Ọ̀gá wa ní, "Ṣé o ò rí ilé ẹ rí ni?" Wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí, mi ò kúrò nídìí ẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti fa ìlà sórí gbogbo gọ́tà tí mo bá rí, ká lè mọ ilé tó dí ojú omi. Ilé tó bá dí i, ọ̀dà pupa ni wọ́n máa kùn sí i lára, ó di wíwó nìyẹn. Ọwọ́ mi yá débi pé mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Mo rí ìlà dúdú gbọọrọ kan tó ti ẹ̀yìn ilé kan já sí gọ́tà ńlá. Mo fa ìlà sí i wàràwàrà, mo ní ilé yẹn ló dí ojú omi. Inú mi dùn bí ẹni tó mú olè.

Ọ̀gá wa kì í jẹ́ ká kun ilé ẹnikẹ́ni láìfẹsẹ̀ débẹ̀, ni mo bá gbé agolo ọ̀dà, ó di ibẹ̀. Mọ́mì àgbàlagbà kan, ará Òkè-Ògùn, ló ń dá gbé ilé náà. Mo kí wọn, mo béèrè gọ́tà.

"Gọ́tà wo?"

Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Ọ̀rá dúdú ni wọ́n tẹ́ lọ gbọọrọ, èyí tí wọ́n fi ń sá iṣu èlùbọ́ lẹ́ẹ̀rùn. Ó ní láti jẹ́ pé ọjọ́ tí kò sí iṣu lórí ẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán yẹn. Ojú tì mí gan-an. Èmi tí ìyá mi ta èlùbọ́ rán níwèé!

Mo fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n rí òrùlé wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n ní, "Níbo lo wá fa gọ́tà tìẹ gbà?" Mo nàka sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ká etí ọ̀rá sókè. Sàréè tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Wọ́n ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi rèé. Bàbá ló ń bá mi ṣọ́ èlùbọ́."

Mo gbé agolo ọ̀dà sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì pa ìlà náà rẹ́ lórí fóònù lójú wọn.