Ilé Tó Ti Òrùlé Bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ tí bàbá mi kí ilé tí a kò tíì kọ́ ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Bíríkìlà ni Bàbá, ní àdúgbò Challenge. Wọ́n fẹ́ kí Délé àbúrò mi jogún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìdí kọ̀ǹpútà ni Délé fẹ́, ní ọ́fíìsì kan ní Dúgbẹ̀ tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilé. Bàbá ní, "Jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ fi ilé hàn mí. Bí kò bá lè ṣe é, ìdí bíríkì lò ń bọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi àti Bàbá dúró ti Délé ní ọ́fíìsì náà. Ó sọ ìwọ̀n ilé kan àti ibi tí oòrùn wà fún ẹ̀rọ, kó lè yà á bíi fọ́tò. Àwòrán náà ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Òrùlé ló kọ́kọ́ jáde.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ní í ti òrùlé bẹ̀rẹ̀ ilé? Dìde, ká máa lọ!"



"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù," ni Délé ń bẹ̀.

Ògiri yọ. Òjìji òrùlé sùn sára rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí oòrùn ọ̀sán ti í ṣe é. Bàbá sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ìpìlẹ̀ jáde kẹ́yìn, wọ́n rọra ṣí fìlà.

"Ilé á tura o," ni wọ́n wí, bí a ti í kí onílé tuntun.

Délé ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún pè é sídìí bíríkì mọ́.