Omi Tí Rúùtù Rántí

Omi ni ohun tí Rúùtù kọ́kọ́ rántí láyé rẹ̀. Ó wà lábẹ́ omi, ó gbójú sókè, oòrùn sì fọ́ yángá lókè orí rẹ̀ bí dígí. Ọwọ́ kan tí wọ́n fi ẹ̀gbà idẹ sí nà wá, ó fa ọmọ. Lẹ́yìn náà ló rí ẹyẹ funfun ńlá kan tó na ìyẹ́ sílẹ̀ lórí koríko.

Gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́ ni ìyá rẹ̀ máa ń dá a lẹ́nu kọ́.

"Mátíù ẹ̀gbọ́n rẹ ló já sódò lábúlé, kì í ṣe ìwọ. A ò tíì já ọmú lẹ́nu rẹ nígbà yẹn! Ìtàn tó o gbọ́ títí ló di tìrẹ."

Mátíù tó ni ìtàn gan-an kò rántí nǹkan kan. Nígbà tó fi máa di ọdún 1988, Rúùtù ti di aránṣọ nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, òun náà ti bímọ, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ mọ́.

Lọ́dún náà ni àìsàn dá àbúrò ìyá wọn, Ìyá Ànúolúwa tó yọ Mátíù lódò, dùbúlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Mátíù, tó ń wa bọ́ọ̀sì, gbé Rúùtù lọ kí i. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n bá a. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, Rúùtù kàn ṣàdédé bi í pé:

"Mà, ṣé ẹ ti ní ẹ̀gbà idẹ rí?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu màmá náà. "Ta ló sọ fún ọ? Inú odò ló bọ́ sí lọ́jọ́ tí Mátíù já sómi. N ò tiẹ̀ sọ fún ẹnì kankan. Ẹni tó rí ọmọ gbà padà, ṣé ẹ̀gbà ni yóò tún máa wá?"

Rúùtù wá ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bí màmá ti gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó káwọ́ lérí.

"Rúùtù! Ẹ̀yìn mi lo wà!"

Lọ́jọ́ tí Mátíù já sómi, ìyá wọn lọ sọ́jà, ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Ànúolúwa. Ó pọn Rúùtù, ó ń fọṣọ létí odò. Bí omi ṣe gbá Mátíù lọ, ó bẹ́ sínú rẹ̀, kò rántí pé ọmọ wà lẹ́yìn òun. Omi bo òun àti ọmọ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ó ń táràrà kiri títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba ẹ̀wù Mátíù. Nígbà tí wọ́n jáde, Mátíù ni gbogbo èrò tó sáré wá ṣù bò. Rúùtù kàn wúkọ́, ó ń wò wọ́n. Kò sí ẹni tó bèèrè rẹ̀.

"Ẹyẹ funfun yẹn ńkọ́, mà?"

"Ẹyẹ kẹ̀? Sútánà mi ni, aṣọ funfun tí mo ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sá sórí koríko."

Rúùtù ro gbogbo rẹ̀ wò. Òótọ́ ni omi, òótọ́ ni ẹ̀gbà. Ṣùgbọ́n aṣọ lẹyẹ, ọwọ́ tí òun sì ti ń dúpẹ́ fún látọjọ́ yìí pé ó fa òun yọ, Mátíù ló ń wá. Báwo ni ọmọ ọwọ́ ṣe rí ìyẹn, tó gbé e pamọ́ títí di òní? Mátíù kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú màmá.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ọ̀yọ́, ìyá wọn ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n sọ ọ́ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àtẹ.

"Ẹ̀yin méjèèjì? Nínú omi kan náà?"

Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó fa Rúùtù mọ́ra lórí àpótí.

"Sọ ọ́ fún mi," ló wí. "Látìbẹ̀rẹ̀."

Rúùtù sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kò dá a lẹ́nu kọ́ lọ́tẹ̀ yìí.