Fèrè Márùn-ún fún Baba Ìgbafẹ́

Ìtàn yìí kò bá ìjàpá wí, kò sì kan ẹranko kankan nínú igbó. Orí ọkùnrin kan ló dá lé, tó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, funfun báláú, tó fi tapólì ṣe ìbòrí rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gba atẹ́gùn ló ń fi í gbé: ọkọ àti ìyàwó tuntun, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí orí rẹ̀ ti gbóná, ìyá tó fẹ́ fi omi han ọmọ. Ìdí nìyí tí gbogbo etí omi fi ń pè é ní Baba Ìgbafẹ́. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe é. Ó mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí yanrìn ti sún mọ́ òkè bí ẹni mọ inú yàrá ara rẹ̀.

Nígbà náà, èbúté ṣì kéré. Ọkọ̀ ńlá kan lọ́sẹ̀, bóyá méjì. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi kó lè jìn sí i, wọ́n to àwọn àgbá pupa tó ń léfòó láti fi sàmì sójú ọ̀nà, ni ọkọ̀ akẹ́rù bá ń ya wọlé bí eéṣú. Ilé alájà mẹ́wàá tó ń rìn lórí omi! Òfin sì jáde: ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó bá rí ọkọ̀ akẹ́rù láàárín àwọn àgbá, kó yà. Kò sí pé ta ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá èbúté ti pe Baba Ìgbafẹ́ sí ọ́fíìsì nítorí ẹ̀.

"Bàbá, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, a ó gba ìwé àṣẹ yín o. Mi ò ní í wo ti ewú orí yín."

"Ṣé ewú orí mi ló ń tukọ̀ ni?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ikùn bàbá. Ìwé yẹn ni oúnjẹ rẹ̀, òun náà ni orúkọ rẹ̀.

Ó ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Inú ọkọ̀ funfun yẹn lọmọ ti mọ omi. Bí ọkọ̀ ńlá bá yọ lókèèrè, bàbá á ní, "Kí là ń ṣe?"

"À ń yà fún un."

"Tó bá jẹ́ àwa la kọ́kọ́ dé ńkọ́?"

"À ń yà náà ni. Ọkọ̀ ńlá kò ní búréèkì."

Ọmọ kàwé títí, ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ń lọ pàdé ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu òkun, tí wọ́n á gun orí rẹ̀, tí wọ́n á darí rẹ̀ wọ èbúté. Ọjọ́ tó gba iṣẹ́ yìí, bàbá rẹ̀ ń yan kiri etí omi bí ẹni jogún òkun. Àtìgbà náà ló ti dá àṣà kan sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá mọ̀ pé ọmọ òun wà lókè ọkọ̀ akẹ́rù, á gbé èrò rẹ̀ lọ síbi àwọn àgbá, lẹ́yìn ààlà, ọmọ á sì fun fèrè kan péré, kúkúrú báyìí. Ìkíni wọn nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ kìlọ̀ títí. "Bàbá ọmọ mi, iṣẹ́ lọmọ ń ṣe lókè yẹn o, kì í ṣe eré."

"Ìwọ ṣáà bí i ni, èmi ni mo kọ́ ọ lómi."

Ọ̀sán Sátidé kan, èrò márùn-ún ló gbé. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó dé fìlà fífẹ̀ bí àwo, tí ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe yọ, Baba Ìgbafẹ́ nàka: "Ẹ wo òkè yẹn, ọmọ mi ló ń darí ẹ̀."

"Bàbá, irọ́ yín pọ̀! Ọmọ yín ló ń darí gbogbo ilé yẹn, tẹ́yin wá wà nínú ọpọ́n yìí? Ó rí yín ṣá, kò kí yín."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Ó yí ọkọ̀, ó kọjá àgbá pupa, kí ọmọ lè rí òun dáadáa.

Fèrè dún. "Ẹ ò gbọ́?" ni bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún dún. Ẹ̀rín dín kù. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀ẹ̀karùn-ún.

Fèrè márùn-ún kì í ṣe ìkíni. Kò sí atukọ̀ tí kò mọ ohun tó ń wí: *N kò mọ ohun tí ò ń ṣe, kúrò lọ́nà.* Bàbá mọ̀ ọ́n, òun ló kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kó yà, ọkàn rẹ̀ ní, "Á dúró. Ta ni bàbá ẹ̀?" Ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń gbé itọ́ mì ló fi ṣiyèméjì, ìyẹn náà ló pọ̀ jù. Ó yà tán kí ọkọ̀ ńlá tó kọjá, ṣùgbọ́n ìgbì ẹ̀yìn rẹ̀ gbé ọkọ̀ funfun sókè, ó là á mọ́ àgbá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì jìn wọnú. Èrò dà sómi, àmọ́ Ọlọ́run yọ wọ́n, gbogbo wọn ló wọ aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Fìlà obìnrin yẹn nìkan lomi gbé lọ. Ara obìnrin náà kò tíì gbẹ tán tó fi ń pariwo létí omi pé wèrè ni bàbá náà.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá èbúté ka ìwé kan sí i létí. "Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan wọ ojú ọ̀nà. Mo fun fèrè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Atukọ̀ náà rí mi, kò tètè yà."

"Ta ló kọ ọ́?"

Ọ̀gá wo fèrèsé. "Bàbá, ẹ mọ ẹni tó wà lókè lọ́jọ́ náà."

"'Atukọ̀ náà' ló pè mí?"

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, sà."

Bàbá yọ ìwé àṣẹ rẹ̀ nínú ọ̀rá tó fi wé e kí omi má bàa kàn án, ó gbé e sórí tábìlì. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Wọn ò sọ ti bàbá ẹni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lọmọ dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàámi, ẹ má bínú. Èrò márùn-ún ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ohun tẹ́ ẹ kọ́ mi náà ni mo ṣe."

Ìyá ké látinú ilé: "Ẹ dá a lóhùn, bàbá ọmọ mi! Ọmọ yín ni!"

Baba Ìgbafẹ́ dìde. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí àyè kò gbà.

"Máa kọjá," ló wí, kò wo ojú rẹ̀. "Mo ti yà."