Ọjọ́ tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ fún Owó Ojú Ọjọ́ ní Ajégúnlẹ̀

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti jókòó sínú mọ́tò ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni mo san dé Èkó. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń lọ ṣe. Obìnrin òyìnbó kan ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín owó tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó dá jọ, láti fi ran àwọn ibi tí ojú ọjọ́ tó ń yí padà ti ń ṣe lọ́ṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè owó náà fún Ajégúnlẹ̀, ló pè mí.

Ní Mile 2 mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Àpápá tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ògiri. Dírẹ́bà wo bàtà mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ẹ yáa bọ́ ọ o. Wata don enta."

Ìyẹn ni pé omi ti wọlé. Bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àná ló ti rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí òjò bá rọ̀ lánàá, ilẹ̀ á ti gbẹ lónìí; kí kànga má gbẹ là ń bẹ̀rù. Ní Ajégúnlẹ̀, búlọ́ọ̀kù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Mo jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì ẹgbẹ̀rún kan náírà lórí ìdúró, nítorí bẹ́ǹṣì tutù.

Ilé Ìyá Rábì ni wọ́n ti ń dúró dè mí. Aránṣọ ni, ará Ṣakí, ó sì ti pẹ́ ládùúgbò náà. Kí n tó wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, odi ńlá létí omi, tí kò ní jẹ́ kó máa ya wọ àdúgbò, la kọ sínú ìwé ìbéèrè wa. Tí Ìyá Rábì bá sọ nǹkan mìíràn, ẹ bá wa tún un ṣe díẹ̀."

Òun ni yóò sanwó fún mi.

Òyìnbó náà béèrè ohun tí Ìyá Rábì fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

"Gọ́tà iwájú ilé mi yìí ni," ni Ìyá Rábì dáhùn. "Kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n sì dé e. Lọ́dún tó kọjá tí omi bo gbogbo ojú ọ̀nà, ọmọ mi kò mọ ibi tí gọ́tà wà. Ló bá jìn sí i. Aládùúgbò wa kan, ọmọ Wàrí, ló bẹ́ sómi fà á jáde. Títí dòní, tí òjò bá ti ṣú, Rábì á dì mọ́ mi."

"Odi, ẹ̀gbọ́n," ni Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Rábì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn kì í ná owó náà sórí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni. Èyí ló ṣòro jù fún mi láti túmọ̀.

"Ó kéré?" ni Ìyá Rábì wí. "Àfi ìgbà tó bá gbé ọmọ lọ ni yóò tóbi?"

Nígbà tí mo túmọ̀ ìyẹn, òyìnbó dìde, ó rin ẹ̀gbẹ́ gọ́tà náà dé ìpẹ̀kun, omi mù ún dé kókósẹ̀. Nígbà tó padà, ó bi Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé pé àdúgbò mélòó ló rí báyìí.

"Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo wọn."

"Ẹ da gbogbo wọn pọ̀ sínú ìbéèrè kan, kí ẹ sì fi í ṣáájú odi."

Kò ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé sanwó mi pé, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú.

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí mo délé. Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n á ṣe é?"

Mo ní n kò mọ̀. Owó yẹn ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ló sì ń júwe ibi tó máa yà sí fún un. Ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ náà padà ti ṣì í lọ́nà. Lọ́jọ́ náà, ti Ìyá Rábì wọ ìwé bó ṣe sọ ọ́.