Àdògán Falesi àti Òkúta Mẹ́ta Dolofina

Láti òkè Dedza títí dé etí adágún, kò sí ọwọ́ tó mọ amọ̀ bíi ti Falesi. Àdògán tó bá mọ, ẹ gbé màlúù lé e lórí, kò ní sán. Igi mẹ́ta péré, tí kò ju ìka lọ, á ro nsima, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo, fún ènìyàn mẹ́wàá, èéfín rẹ̀ kò sì ní tó ti ẹni tó ń mu sìgá. Gbogbo abúlé Chipsera ló ti gba tiwọn, àfi Dolofina, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tí wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná kan.

Òkúta mẹ́ta ni Dolofina fi ń dáná, odidi ìtì igi ló sì ń kì bọ̀ ọ́. Ẹyẹ tó bá gba orí òrùlé náà kọjá, ikọ́ ló ń wú lọ. Dolofina náà ń wúkọ́. Kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kó má dúró mí. Nọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ òkè ti sọ ọ́ fún Falesi pé bí èéfín yẹn kò bá kúrò, àyà yẹn kò ní rí òjò méjì sí i.

"Àyà ta ni?" ni Dolofina wí. "Àgbàdo irúgbìn ìyá wa ló so rọ̀ lókè ààrò yìí. Èéfín ni kò jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Ṣé àdògán rẹ ni ká gbìn?"

"Òkè tí ò ń gégi rẹ̀ ti pá bí orí ọkọ rẹ. Àgbàrá gbé ìdajì oko wa lọ lésìí, òjò kò sì mọ ìgbà tó ń rọ̀ mọ́."

"Èmi ni mo ń rọ òjò?"

"Igi tó di ilẹ̀ mú lo dáná sun."

"Lọ jókòó ti amọ̀ rẹ, ọ̀jọ̀gbọ́n."

Lọ́jọ́ tí Dolofina lọ síbi ìsìnkú, Falesi hú òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó yí wọn lọ sísàlẹ̀ òkè, ó gbé àdògán kalẹ̀. Nígbà tí Dolofina dé, àyà rẹ̀ kò jẹ́ kó lè ru wọ́n padà. Ṣùgbọ́n Falesi ti gbàgbé àgbàdo òkè. Kò pé oṣù kan tí ìyẹ̀fun fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ara rẹ̀ sínú ìkòkò nsima. Kòkòrò ti wọlé.

Dolofina da àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ náà sí ẹnu ọ̀nà Falesi, ó pe gbogbo ará ilé. "Ẹ wá wo ohun tí àdògán bí." Ikọ́ dá ìyókù ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Falesi kò tọrọ àforíjì. Ó ṣa èyí tó kù tó dára, ó pò ó mọ́ eérú àdògán, ó kó o sínú ìkòkò ńlá, ó sì fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀ pa lójú àbúrò ìyá wọn ọkùnrin, kó lè ṣe ẹlẹ́rìí.

"Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìgbìn, orí mi ni màá fi ru òkúta yẹn padà. Títí dìgbà náà, àdògán lo máa fi dáná."

"Mo gbà. Ọrùn rẹ á kán."

Oṣù mẹ́rin ni Dolofina fi dáná láìsí èéfín, tó ń dúró de ọrùn tó máa kán. Nígbà tí òjò dé, ó fi ọmọ odó fọ́ ìkòkò náà fúnra rẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ bọ eérú dé ìgúnpá, ó ń wá kòkòrò. Kò rí ẹyọ kan.

Ló bá kọjú sí Falesi. Ó bú u láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó bú amọ̀, ó bú nọ́ọ̀sì, ó bú ọjọ́ tí wọ́n bí i, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé oko, láìdúró mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Falesi rọra tẹ̀lé e pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.